Ògiri Tí Kò Lanu

Ní àárọ̀ ọjọ́ kẹjọ oṣù Máàṣì, kí Dobrila tó mu kọfí, kí ó tó bọ́jú pàápàá, ó ti wà nínú ọgbà ẹ̀fọ́ ẹ̀yìnkùlé rẹ̀, ó tẹ̀ ba, ó ń lá ewé. Orí rẹ̀ kò dàrú o. Kò sí ẹni tí kì í lá ewé ní abúlé yẹn bí bura bá ti fẹ́ mọ́jú. Bura yìí, ẹ̀fúùfù tútù tí ń já bọ̀ láti orí òkè ilẹ̀ ńlá ni; a ré òkun kọjá, a gbọn ìfófòó omi iyọ̀ kúrò lójú rẹ̀, a sì kó o dà sórí erékùṣù wọn. Bí ó bá rọlẹ̀ tán, ojú ọ̀run a mọ́ kedere, oòrùn a ràn, àlejò a máa pariwo pé ibí yìí mà dára o. Onílé kì í pariwo. Onílé á kọ́kọ́ lọ fi ahọ́n kan ewé ẹ̀fọ́ rẹ̀ ná, torí pé ojú kò lè díwọ̀n iyọ̀.

Dobrila lá èkíní, ó tutọ́. Ó lá èkejì, ojú rẹ̀ fún pọ̀. Nígbà tí ó fi máa dé orí ìkeje, kò nílò kí ahọ́n sọ nǹkan kan fún un mọ́.

Méje péré ni wọ́n. Raštika ni wọ́n ń pè wọ́n, kábéèjì tí kì í ká jọ, tó jẹ́ pé ṣe ló ń ga sókè ṣáá, tí wọ́n sì ń já ewé rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ lọ ní gbogbo ìgbà òtútù. Raštika pọ̀ lọ́jà, ṣùgbọ́n irú èyí kò sí lọ́jà. Ìyá ọkọ Dobrila ló fi agolo irúgbìn rẹ̀ lé e lọ́wọ́ lọ́dún tó wọlé ọkọ, ìyá yẹn náà sì gbà á lọ́wọ́ ìyá ọkọ tirẹ̀. Ewé rẹ̀ rọ̀, ó ní adùn kan tó máa ń jáde bí òtútù bá ti nà án dáadáa. Ṣùgbọ́n láti ọdún mẹ́rin tí Bepo ọkọ rẹ̀ ti kú ni iyọ̀ ti ń jó òdòdó rẹ̀ kí ó tó di èso. Ní oṣù Júláì tó kọjá, Dobrila da gbogbo ohun tó ṣẹ́ kù nínú agolo sílẹ̀, ó gbàdúrà sí i, ó bomi rin ín. Irúgbìn ti gbó jù. Méje ló hù, àwọn méje náà ló sì ń yọ òdòdó báyìí. Bí wọn kò bá so lọ́dún yìí, raštika ìdílé Bepo parí láyé nìyẹn, kò sí ibi tí wọ́n á ti rí i mọ́.

Àwọn àgbà ibẹ̀ sọ pé bura mẹ́ta ni oṣù Máàṣì ní: ti ọjọ́ keje, ti ọjọ́ kẹtàdínlógún àti ti ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n. Nígbà mìíràn a yá, nígbà mìíràn a pẹ́, ṣùgbọ́n mẹ́tẹ̀ẹ̀ta a máa dé. Èyí tó fẹ́ mọ́jú yìí ni àkọ́kọ́. Òjò nìkan ni oògùn iyọ̀, afẹ́fẹ́ gúúsù tí wọ́n ń pè ní jugo ló sì ń gbé òjò wá, ṣùgbọ́n jugo ti jókòó síbi tó jókòó sí láti ìgbà ọdún tuntun. Kànga tí omi òrùlé ń kún ti fà débi pé okùn garawa kò tó o mọ́, Dobrila ti so ọ̀já kan mọ́ ọn. Ife omi kan àti àkísà kan ló mú dání. Ó ń nu òdòdó lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń nu imú ọmọ.

Nígbà tí ó nàró kí ẹ̀yìn rẹ̀ lè sinmi, ó rí ọgbà Vicko nísàlẹ̀. Vicko fi ọdún mẹ́jọ jù ú lọ, kò gbéyàwó rí, kò sì sí ẹni tó rántí ọjọ́ tí òógùn bọ́ lójú rẹ̀ kẹ́yìn. Ọgbà rẹ̀ fi ogún ìṣísẹ̀ sún mọ́ òkun ju ti Dobrila lọ. Bura kan náà ló kọlu ọgbà méjèèjì. Ẹ̀wà Vicko dúró gbọin-gbọin, ó ń tanná; letusi rẹ̀ ń dán. Vicko fúnra rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọjú lẹ́nu ọ̀nà, ó wọ kóòtù lé aṣọ ìsùn.

“Ẹ káàárọ̀ o, Bọ̀ọ̀dá Vicko.”

“Káàárọ̀, ìyàwó Bepo. O tún ti ń wẹ̀ fún wọn? Ó kù kí o lé wọn ní tìróò.”

“Iyọ̀ ló bò wọ́n mọ́lẹ̀. Tiyín ńkọ́? Ẹ ti lá a wò?”

“Èmi? Ta ni yóò jí láàárọ̀ kùtù máa lá ewé kiri bí ewúrẹ́? Tí mo bá ti da òróró ólífì sí i lọ́sàn-án, màá lá a dáadáa.”

“Ṣé ẹ tiẹ̀ ń bomi rin ín rárá?”

“Tí òjò bá rọ̀, mo ń bomi rin ín.”

Inú bí Dobrila débi pé ó rẹ́rìn-ín. Ó padà sídìí àkísà rẹ̀. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kejì, mẹ́ta nínú àwọn méje náà ti pọ́n rẹ́súrẹ́sú bí ewé tí iná rà. Ó ku mẹ́rin.

Ẹ jẹ́ kí n sọ irú èèyàn tí Dobrila jẹ́, kí ohun tó ṣe tẹ̀lé e má baà jọ yín lójú. Ìbéèrè ni oúnjẹ rẹ̀ láti kékeré. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni nígbà tó bi àlùfáà pé ta ló bá Ọlọ́run ka ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́ nígbà tí kò tíì sí oòrùn. Àlùfáà sọ fún ìyá rẹ̀ pé ọmọ yìí á pẹ́ kó tó rí ọkọ. Kò pẹ́ rárá. Bepo bíríkìlà ló fẹ́ ẹ, ìbéèrè yẹn gan-an ló sì rí fẹ́. Bepo kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Bí o bá bi í ní nǹkan tó mọ̀, á sọ. Bí kò bá mọ̀ ọ́n, á ní òun ò mọ̀. Ọdún mọ́kàndínlógójì ni wọ́n fi gbé pọ̀ bẹ́ẹ̀, obìnrin ń béèrè, ọkùnrin ń dáhùn, nígbà mìíràn tòun ti òkèlè lẹ́nu.

Ọdún tí Nevenka, ọmọ wọn kan ṣoṣo, bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé ni Dobrila ní kí Bepo bá òun dí ihò ara ògiri ọgbà. Ògiri òkúta ni, òkúta lórí òkúta láìsí ohunkóhun láàrin wọn, bí gbogbo ògiri erékùṣù náà ti rí láti ayébáyé. Dobrila ní bura ń gba inú ihò wọ̀nyẹn wọlé wá bá òun. Bepo fi ọjọ́ Àìkú mẹ́jọ po sìmẹ́ǹtì, ó dí gbogbo ihò, ó rẹ́ ẹ, ó sì fi ọwọ́ pa á lára títí ó fi jọ̀lọ̀. Àwọn àgbà ní bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè wọ ibẹ̀. Ògiri Bepo kò lanu fún aláǹgbá, kò lanu fún èèrà. Àlejò kò ní tíì jókòó tí Dobrila á ti fà á lọ́wọ́ lọ sí ẹ̀yìnkùlé lọ wo iṣẹ́ ọkọ òun. Ògiri Vicko ńkọ́? Bàbá bàbá rẹ̀ ló tò ó, ihò ara rẹ̀ gba ológbò. Bepo ní ó dà bí ẹnu arúgbó, Dobrila sì rẹ́rìn-ín ọ̀rọ̀ yẹn fún odidi ọdún kan.

Nígbà ayé Bepo, iyọ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ dà á láàmú. Àárọ̀ tí bura bá mọ́jú, Bepo a ti jáde lọ wo ọkọ̀ ìpẹja rẹ̀ ní èbúté. Dobrila a jí, a lá ewé raštika, a rí i pé ó tutù, iyọ̀ orí rẹ̀ kò sì tó nǹkan. Ó gbà pé ìrì ló fọ̀ ọ́. Nígbà tí iyọ̀ wá bẹ̀rẹ̀ sí í jó o lẹ́yìn ikú Bepo, ó gbà pé ojú ọjọ́ ló yí padà, bí wọ́n ṣe máa ń wí lórí rédíò.

Ṣùgbọ́n kí ló dé tí ojú ọjọ́ kò yí padà fún Vicko? Ìbéèrè yìí ló ń yún un lára bí ojú ibi tí ẹ̀fọn jẹ. Ọdún àkọ́kọ́, ó rò pé ilẹ̀ ni: ó gba agbọ̀n erùpẹ̀ méjì lọ́wọ́ Vicko, ó fún un ní méjì, Vicko kò sì béèrè ìdí, torí pé bíbéèrè náà iṣẹ́ ni. Erùpẹ̀ kò yí nǹkan kan padà. Ọdún kejì, ó gbin ẹ̀wà irú ti Vicko sí ọgbà tirẹ̀. Iyọ̀ jó ẹ̀wà náà. Ọdún kẹta, ó fi aṣọ ibùsùn bo raštika. Bura ká aṣọ náà nílẹ̀ bí ẹni gba ìwé lọ́wọ́ ọmọdé, ó sì lọ fi í há orí ṣọ́ọ̀ṣì, níbi tí gbogbo ìjọ ti rí i lọ́jọ́ Àìkú pẹ̀lú orúkọ Dobrila tí wọ́n fi abẹ́rẹ́ kọ sí etí rẹ̀.

Lọ́dún yìí, ó ní òun kò ní ṣe ìtọ́jú mọ́, òun fẹ́ mọ̀. Ní ọjọ́ kẹtàdínlógún, ó kó àwo pẹlẹbẹ méjìlá jáde. Mẹ́fà wà ní ọgbà tirẹ̀, láti ẹsẹ̀ ògiri wá sí ẹnu ọ̀nà ilé, àlàfo ìṣísẹ̀ méjì-méjì láàrin wọn. Mẹ́fà yòókù, ó tò ó bákan náà sí ọgbà Vicko. Ó gbé òkúta lé ọ̀kọ̀ọ̀kan.

“Ìyàwó Bepo, àlejò mélòó là ń retí?”

“Bura nìkan ni.”

“Kí ló fẹ́ jẹ?”

“Bọ̀ọ̀dá, ẹ ṣáà má jẹ́ kí ológbò yín tọ́ ọ wò kí n tó dé.”

Bura kò wá lọ́jọ́ náà. Ó mú Dobrila jókòó bí ẹni ń dúró de ọkọ̀ tó ti lọ. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì ló tó dé, ó sì fi ìbínú dé. Ní àárọ̀ ọjọ́ kọkàndínlógún, Dobrila gbé ife omi dání, ó ń lá àwo, ó ń fi omi yọ́ ẹnu, ó ń lá òmíràn. Vicko jókòó sórí àga, kò fẹ́ kí èyí kọjá òun.

“Èwo ló dùn jù níbẹ̀?”

“Ẹ dákẹ́, Bọ̀ọ̀dá, ẹ ń da ahọ́n mi rú.”

Ohun tó bá níbẹ̀ yà á lẹ́nu. Àwo tó wà lẹ́sẹ̀ ògiri Bepo, iyọ̀ inú rẹ̀ kò tó nǹkan. Ṣùgbọ́n ẹ̀kẹta àti ẹ̀kẹrin, níbi tí raštika dúró sí gan-an, korò lẹ́nu. Ní ọgbà Vicko tó sún mọ́ òkun, mẹ́fẹ̀ẹ̀fà rí bákan náà, iyọ̀ díẹ̀díẹ̀, kò sí èyí tó pọ̀. Báwo ni iyọ̀ ṣe ń fo ẹsẹ̀ ògiri dá, tó wá ń lọ já lulẹ̀ níwájú? Iyọ̀ ò lẹ́sẹ̀.

Afẹ́fẹ́ ṣì ń fẹ́ díẹ̀. Dobrila wọlé, ó tú òwú pupa kúrò lára súwẹ́tà àtijọ́ kan, ó gé e wẹ́wẹ́, ó so ọ̀kọ̀ọ̀kan mọ́ orí igi tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì rì wọ́n mọ́lẹ̀ káàkiri. Bura ń ti àríwá bọ̀, gbogbo èèyàn ló mọ̀. Òwú tó wà ní ọgbà Vicko ń fẹ́ lọ sí gúúsù jẹ́jẹ́, bó ti yẹ. Òwú ìdí raštika kọjú sí àríwá. Ó ń na ìka sí ògiri, síbi tí afẹ́fẹ́ ti ń bọ̀. Dobrila pa ojú dé, ó tún là á. Ó sáré lọ bu ẹ̀kúnwọ́ èèpo àlùbọ́sà kan, ó gun òkúta, ó sì tú u sílẹ̀ lórí ògiri. Èèpo náà gòkè, ó fò kọjá, ó dúró díẹ̀ lófuurufú, ó wá dorí kodò, ó sì já sórí raštika, ó ń yí po níbẹ̀ bí ìgbà tí wọ́n ń ro ẹ̀kọ. Ó lọ tú òmíràn sílẹ̀ níwájú ògiri Vicko. Èyí gba inú ihò kọjá lọ́kọ̀ọ̀kan, agbára rẹ̀ ti tán, ó sì sùn sílẹ̀.

Dobrila pàtẹ́wọ́. Ó pariwo “Háà!” lóun nìkan láàrin ọgbà. Ẹni tí o bá tì kúrò lẹ́nu ọ̀nà á wá ojú fèrèsé gbà, tìbínú-tìbínú ló sì máa fi já wọlé. Bí bura ṣe ń ṣe nìyẹn. Ògiri tó lanu ń jẹ́ kí ó kọjá, ó ń gba agbára lọ́wọ́ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Òwe aláǹgbá ni òwe àwọn àgbà, kì í ṣe òwe afẹ́fẹ́. Ayọ̀ mímọ̀ gbé Dobrila nílẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú kan, ìbéèrè ọdún mẹ́ta ti rí ìdáhùn.

Ìgbà náà ni ojú rẹ̀ bọ́ sára ògiri, níbi tí ipa ọwọ́ Bepo ṣì hàn lára sìmẹ́ǹtì. Ó wọlé, ó jókòó, ó sì jẹ́ kí kọfí tutù níwájú rẹ̀. Bí ó bá fọ́ ògiri yẹn, ó ń sọ fún gbogbo abúlé pé iṣẹ́ tí Bepo fi yangàn jù láyé, iṣẹ́ asán ni. Bí kò bá fọ́ ọ, bura kẹta ń bọ̀, raštika ìyá Bepo á sì lọ. Iyọ̀ ti jó ọ̀kan sí i, mẹ́ta ló kù.

Ó pe Nevenka lórí fóònù. Nevenka ń gbé ní ìlú ńlá tó wà ní òdìkejì omi, ó ń ṣiṣẹ́ nílé ìwé.

“Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ ra ẹ̀fọ́ lọ́jà bí gbogbo èèyàn.”

“Irú èyí ò sí lọ́jà.”

“Ẹ̀fọ́ ni ẹ̀fọ́ ń jẹ́. Ẹ má fọwọ́ kan ògiri bàbá mi o. Òun ni mo máa ń kọ́kọ́ wò tí mo bá délé.”

“Mo ti gbọ́.”

“Màmá, ẹ ò gbọ́. Tí ẹ bá ní ẹ ti gbọ́ báyìí, mo mọ̀ pé ẹ ò gbọ́.”

Ọjọ́ méje ló fi rò ó. Ní àárọ̀ ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n, òkè ilẹ̀ ńlá dé fìlà ìkùukùu funfun, kò sì sí ọmọ erékùṣù tí kò mọ̀ pé bura ti sún mọ́lé nìyẹn. Dobrila sọ̀ kalẹ̀ lọ bá Vicko. Kò kí i dáadáa.

“Bọ̀ọ̀dá Vicko, kí ló dé tẹ́ ò tún ògiri yín ṣe rí?”

“Ọ̀lẹ ni mí. Ìwọ àti ọkọ rẹ lẹ sọ bẹ́ẹ̀.”

“Ẹ má fi mí ṣeré. Ẹ mọ nǹkan kan.”

Ẹ̀rín kúrò lójú Vicko.

“Bàbá mi àgbà ní kí n jẹ́ kí ògiri máa mí. Ó ní ojú afẹ́fẹ́ ni kí n dí, kí n má dí ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀. Ọ̀lẹ ni mí lóòótọ́, àmọ́ ní ti ògiri, ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ fún mi ni mò ń tẹ̀ lé.”

“Ẹ mọ̀, ẹ sì ń wò mí bí mo ṣe ń lá àwo?”

“Mo fẹ́ kó o rí i fúnra rẹ ni. Mo ti ṣèlérí pé mi ò ní sọ.”

“Ta lẹ ṣèlérí fún?”

“Bepo.”

Dobrila fi ọwọ́ di òkúta kan mú.

“Nígbà tó ń po sìmẹ́ǹtì yẹn ni mo kọ́kọ́ sọ fún un,” ni Vicko wí. “Ó fi mí rẹ́rìn-ín. Kò pé ọdún kan lẹ́yìn náà tó fi wá síbi tó o dúró sí yìí, nínú bura, ó na apá gba inú ihò, ó dúró bẹ́ẹ̀. Ó wá ní, ‘Vicko, òótọ́ lo sọ.’ Mo ní kó lọ mú òòlù wá, àní èmi ọ̀lẹ yìí á bá a fọ́ ọ. Ó ní rárá. Ó ní Dobrila ló bẹ òun kóun dí i, Dobrila náà ló sì ń fi í han àwọn èèyàn. Tóun bá fọ́ ọ, Dobrila á máa dá ara rẹ̀ lẹ́bi lórí gbogbo ẹ̀fọ́ tó bá jóná. Ó ní kí n gbé ẹnu mi dákẹ́.”

“Àmọ́ ẹ̀fọ́ ò jóná nígbà yẹn. Nígbà ayé Bepo, raštika máa ń so.”

“Ta lo rò pé ó ń fọ̀ ọ́?”

“Ìrì ni.”

“Ìyàwó Bepo! Ìwọ tó o mọ gbogbo nǹkan! Ìgbà wo ni bura jẹ́ kí ìrì sẹ̀ rí?”

Dobrila yíjú sí ọgbà rẹ̀ lókè.

“Kí ilẹ̀ tó mọ́ ló ti máa ń gbé garawa jáde. Látinú kànga mi ló ń fa omi, kó o má baà gbọ́ ìró garawa nínú kànga tiyín. Á wẹ̀ fún wọn tán, á wá gba ọ̀nà èbúté lọ.”

“Ó ní òun ń lọ wo ọkọ̀ òun.”

“Ọkọ̀ tí wọ́n fi okùn mẹ́rin so mọ́lẹ̀, kí ló fẹ́ wò níbẹ̀?”

Ó dun Dobrila wọra. Ó béèrè lọ́wọ́ àlùfáà, ó béèrè lọ́wọ́ dókítà, ó béèrè lọ́wọ́ atọ́kọ̀ àti ẹni tó ń pín lẹ́tà kiri. Ọkùnrin kan wà nílé rẹ̀ tí kì í purọ́ fún un bí ó bá bi í léèrè, àárọ̀ mélòó ni ọwọ́ ọkùnrin náà sì ti pọ́n, tó tutù bí ẹja, nídìí kọfí! Kò bi í rí. Ó ń sunkún, kò sì fi pamọ́ fún Vicko.

Nígbà tó sunkún tán, ó lọ sí ilé irin iṣẹ́, ó mú òòlù ńlá Bepo jáde pẹ̀lú irin gbọọrọ olórí ṣóńṣó. Vicko ti ń gun òkè bọ̀, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

“Má fọ́ gbogbo rẹ̀ o. Ìdajì ìdajì ló dáa. Bẹ̀rẹ̀ láti àárín, kó o fi ìgbọ̀nwọ́ kan sílẹ̀ láàrin ihò sí ihò.”

“Ẹ sọ pé ẹ máa bá Bepo fọ́ ọ.”

“Mo sọ ọ́ fún Bepo, mi ò sọ ọ́ fún ẹ.” Ṣùgbọ́n ó bọ́ kóòtù rẹ̀, ó sì gba òòlù.

Bepo mọ iṣẹ́ rẹ̀, ojú wọn sì rí màbo. Sìmẹ́ǹtì náà kò fẹ́ kúrò. Wọ́n lù ú títí di àsìkò oúnjẹ ọ̀sán, wọ́n jẹ búrẹ́dì àti ẹja oníyọ̀ lórí ìdúró, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀. Bí òkúta kan bá ti fẹ́ mì, Dobrila a dúró, a fi ọwọ́ nu erùpẹ̀ ojú rẹ̀, a tún lù ú. Nígbà tí oòrùn fi máa wọ̀, ihò mẹ́tàlélógún ló wà lára ògiri náà, Vicko sì jókòó sílẹ̀, òógùn bò ó. Ó ní kí Dobrila wo òógùn náà dáadáa, torí kò ní rí i mọ́.

Bura kẹta dé lọ́jọ́ tí wọ́n dá fún un gẹ́lẹ́, ó sì fẹ́ fún ọjọ́ méjì. Dobrila kò gbé garawa, kò gbé àkísà. Nígbà tó rọlẹ̀, ó jáde lọ sídìí raštika mẹ́ta tó kù. Ọ̀kan ti dá láàrin, ẹ̀fúùfù fúnra rẹ̀ ló dá a, kì í ṣe iyọ̀. Méjì dúró. Ó lá ewé wọn, iyọ̀ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò ju èyí tí èèyàn lè fi sínú ọbẹ̀. Kòkòrò oyin ti wà lórí òdòdó kí ó tó dé ibẹ̀.

Nevenka wá fún Àjíǹde. Ó rí ògiri, ó kọ́kọ́ pariwo. Nígbà tí wọ́n sọ ìtàn náà fún un, ó lọ sí ẹ̀yìnkùlé, ó sì na apá gba inú ihò kan bí bàbá rẹ̀ ti ṣe. Jugo rántí wọn ní oṣù Épírì, òjò rọ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan. Nígbà tó di oṣù Júùnù, èso raštika gbẹ, Dobrila sì pa á sórí aṣọ funfun. Hóró dúdú kéékèèké ló jáde, ó ju ohun tí agolo kan lè gbà lọ. Ó bù ú sí méjì. Ó gbé ìdá kan lọ fún Vicko.

“Èmi? Kí n gbin ín? Èmi ọ̀lẹ yìí?”

“Ẹ̀yin ọ̀lẹ yẹn gan-an. Mi ò ní jẹ́ kó wà lọ́gbà kan ṣoṣo mọ́.”

Vicko gbà á, ó tú u wò, ó tún dì í. Ó bi í bóyá inú ń bí i sí Bepo.

“Inú ń bí mi,” ni Dobrila wí. “Ó ń bí mi gidi gan-an. Ẹni tó ń bá mi sùn ń dìde lọ fa omi nínú òtútù yẹn, ní ọjọ́ ogbó rẹ̀, kójú má baà tì mí. Ta ló sọ fún un pé ojú á tì mí? Ká ní ó jí mi lọ́jọ́ kan péré, à bá ti jọ fọ́ ọ.”